Ayò Ọlọ́pọ́n: Ohun Tí Àwọn Atayò Ń Sọ àti Ohun Tí Ọpọ́n Fúnra Rẹ̀ Ń Sọ

Nínú ìwé ìrántí bí irú èyí, ìtàn ìlú, oríkì àti àwòrán àwọn olóyè wa la sábà máa ń kà. Gbogbo rẹ̀ ló dára. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ kan dé sílẹ̀ lọ́dún yìí tó fẹ́rẹ̀ẹ́ pín ẹgbẹ́ sí méjì, ọ̀rọ̀ náà kò sì ju ọpọ́n ayò lọ.

Ìgbìmọ̀ àjọ̀dún ti fẹnu kò pé ìdíje ayò yóò wáyé fún àwọn ọmọ wa tí kò tíì pé ọdún 16, nígbà ìsinmi gígùn ilé ìwé, àti pé ẹgbẹ́ ni yóò ra ọpọ́n tí wọn yóò fi ta á. Ibẹ̀ ni àríyànjiyàn ti bẹ̀rẹ̀. Àwọn kan ní kí a ra ọpọ́n pẹlẹbẹ tí wọ́n ń tà ní àwọn ilé ìtajà ńláńlá láàárín ìgboro Abuja, èyí tí wọ́n kọ "Mancala" sí ara páálí rẹ̀. Ọmọ rẹ̀ jẹ́ gíláàsì aláwọ̀ mèremère, ó ní ihò gbọọrọ méjì ní ìpẹ̀kun ọ̀tún àti òsì, ìwé òfin rẹ̀ sì wà nínú páálí. Àwọn mìíràn ní kí a má wulẹ̀ náwó, pé àwọn ọmọ náà ní in lórí fóònù àwọn òbí wọn. Àwọn àgbà kan sì fárígá pé bí kì í bá ṣe ọpọ́n igi tí a gbẹ́, pẹ̀lú ọmọ ayò aláwọ̀ eérú tí a ṣa láti ilé, kí a má ta nǹkan kan rárá.

Kí àwa tó dá sí i, a lọ jókòó ti àwọn tó ń ta ayò ní Orozo níbí, lábẹ́ igi, níwájú ṣọ́ọ̀bù, àti ní àgbàlá ilé àwọn tó ti fẹ̀yìn tì. A bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí nínú eré náà. A ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni síhìn-ín, nítorí ọ̀pọ̀ wọn ló sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ ń gbóná, kò sì yẹ kí á fi ọ̀rọ̀ ìdí ayò mú ènìyàn.

BÍ WỌ́N ṢE Ń TA Á

Ẹni tó bá ti mọ̀ ọ́n ta lè fo ìpínrọ̀ yìí. Ilé méjìlá ló wà lójú ọpọ́n, mẹ́fà níwájú atayò kọ̀ọ̀kan. Ọmọ ayò jẹ́ 48, mẹ́rin nínú ilé kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó kàn yóò kó gbogbo ọmọ inú ilé kan ní ìhà tirẹ̀, yóò sì máa jù wọ́n sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan sí àwọn ilé tó tẹ̀ lé e, láti ọwọ́ òsì rẹ̀ lọ sí ọwọ́ ọ̀tún, títí yóò fi wọ ilé ẹnìkejì. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sí ilé alátakò, tí iye ọmọ ibẹ̀ wá di méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bí ilé tó ṣáájú ìyẹn ní ìhà alátakò náà bá ní méjì tàbí mẹ́ta, ó jẹ ìyẹn náà, bẹ́ẹ̀ ni yóò máa padà sẹ́yìn títí yóò fi kan èyí tí kò ṣeé jẹ. Ẹni tó bá jẹ tó 25 ló borí. Bí ó bá di 24 sí 24, ọ̀mì ni, ọ̀rọ̀ tí àwọn tó ń ka ìròyìn bọ́ọ̀lù lórí rédíò Yorùbá ń lò lójoojúmọ́.

Òfin méjì ló kù. Àkọ́kọ́: ilé tí ọmọ inú rẹ̀ bá ti tó méjìlá tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ ni à ń pè ní odù. Bí ènìyàn bá ta odù, yóò yí ọpọ́n ká, yóò fo ilé tí ó ti kó o, yóò sì tún bẹ̀rẹ̀ ìyípo kejì. Èkejì: bí ilé alátakò rẹ bá ṣófo pátápátá, dandan ni kí o ta ohun tí yóò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, bí o bá ní i. O kò gbọdọ̀ fi ebi pa á. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fi òfin kejì yìí sọ́kàn.

ÈRÒ ÀWỌN ATAYÒ

Ọ̀gá kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba sọ fún wa pé eré àwọn tí kò níṣẹ́ lọ́wọ́ ni ayò. Ẹni tó bá ń jí kúrò ní Orozo ní aago márùn-ún ìdájí kí ó lè la súnkẹrẹ-fàkẹrẹ Nyanya kọjá, tó sì ń wọlé ní aago mẹ́jọ alẹ́, a kò lè bá a jiyàn lórí ọ̀rọ̀ àkókò. Ṣùgbọ́n ẹjọ́ ojú ọ̀nà nìyẹn, kì í ṣe ẹjọ́ ayò. A ti rí ọ̀gá kan náà tó ń tẹ fóònù rẹ̀ láti Nyanya dé ilé.

Èrò tó wúwo ju ìyẹn lọ ni ti olùkọ́ ìṣirò kan. Ó ní kò sí ìjìnlẹ̀ kankan nínú ayò, pé ìṣirò ọmọ kékeré ni: kí ènìyàn ka ọmọ tó wà nínú ilé, kó mọ ibi tí èyí tó kẹ́yìn yóò bọ́ sí, ó parí. Ó tọ̀nà dé ìwọ̀n kan. Ohun tí gbogbo ọ̀pẹ kọ́kọ́ ń kọ́ nìyẹn, àwọn kan kò sì kọjá ibẹ̀ títí ayé wọn. Àwọn tó ń wò láti ẹ̀yìn kì í tilẹ̀ rí jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á bá olùkọ́ náà ṣe ìṣirò ọ̀hún. Nígbà tí eré bẹ̀rẹ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ló wà nílé gbogbo. Kí ènìyàn tó lè jẹ, ọmọ rẹ̀ tó kẹ́yìn gbọ́dọ̀ bọ́ sí ilé tí ó ní ẹyọ kan tàbí méjì tẹ́lẹ̀. Kò sí irú ilé bẹ́ẹ̀ lójú ọpọ́n. Bí ẹni àkọ́kọ́ bá ta, bí ẹnìkejì bá ta, tí ẹni àkọ́kọ́ tún ta lẹ́ẹ̀kejì, kò sí ẹni tó lè jẹ ohunkóhun nínú ẹ̀ẹ̀mẹta yìí, bó ti wù kí ó gbọ́n tó. Àwọn tó ní ọpọ́n nílé lè dán an wò. Láti ìgbà kẹta àkọ́kọ́ yìí, níbi tí kò sí nǹkan kan láti kà, ni ọ̀ta ti máa ń mọ ẹni tí ó jókòó tì í. Bí ó bá jẹ́ kíkà nìkan ni ayò, ṣé kí ènìyàn kàn máa ta bó bá ṣe rí nígbà tí kò sí èrè ni? Ọ̀pẹ ni í ṣe bẹ́ẹ̀. Ọ̀ta ti ń wo ilé tí yóò sọ di odù àti èyí tí yóò fi dúró nígbà tí nǹkan bá le.

Nípa odù, àpẹẹrẹ kan tó. Bí mo bá jẹ́ atayò tí ó ní ọmọ 16 nínú ilé mi tó kángun sí ọwọ́ ọ̀tún, tí ilé márùn-ún àkọ́kọ́ alátakò sì ṣófo, mọ́kànlá yóò yí ọpọ́n ká, ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún ilé kọ̀ọ̀kan. N óò fo ilé mi, márùn-ún tó kù yóò tún bọ́ sí ilé márùn-ún wọ̀nyẹn. Gbogbo wọn di méjì-méjì, mo sì jẹ mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìdí nìyí tí odù fi ń dẹ́rù ba ọ̀pẹ. Ó tún jẹ́ ìdí tí gbogbo ọ̀dọ́ fi máa ń fẹ́ kó odù jọ ní gbogbo ọ̀nà. Bí ènìyàn bá wo eré náà dé ìhín nìkan, yóò gbà pé eré ìkójọ ni: ẹni tó bá lè kó pamọ́ jù ni yóò là jù. Irọ́ ni. Ohun tó sì sọ ọ́ di irọ́ ni òfin kejì tí a ní kí ẹ fi sọ́kàn.

Bàbá kan tó ti lé ní ọdún 70 sọ nípa òfin yìí pé àánú ni àwọn baba wa fi kọ́ wa. Ó ní Yorùbá kì í jẹun kí ẹni tó jókòó tì í máa wò ó lẹ́nu, òun ni wọ́n fi ṣe é ní òfin pé kí a bọ́ alátakò. Ọ̀rọ̀ náà dùn-ún gbọ́, ó sì yẹ ẹnu àgbà. Pẹ̀lú ọ̀wọ̀ tó yẹ bàbá wa, a kò gbà á. Àánú a máa jẹ́ ti ẹni tó ní. Lójú ọpọ́n, ẹni tí kò ní gan-an ló ń fi òfin yìí jà.

A rí i pẹ̀lú ojú wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń wa Kẹ̀kẹ́ NAPEP ń bá bàbá kan tó ń rán aṣọ ta ayò. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ti jẹ 18, bàbá ti jẹ 17. Ọmọ 13 péré ló kù lójú ọpọ́n. Mọ́kànlá wà nínú ilé kẹfà ọ̀dọ́mọkùnrin yìí, níbi tó ti ń rọra kó o jọ fún odù, ẹyọ kan sì wà nínú ilé rẹ̀ kejì. Ẹyọ kan tó kù wà nínú ilé tó gbẹ̀yìn ní ìhà bàbá. Ó ti pẹ́ díẹ̀ tí bàbá ti ń tú ilé rẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, tí àwọn òǹwòran sì ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ó ń fi gbogbo ẹrù rẹ̀ tọrẹ. Bàbá ta ẹyọ kan yẹn sí ilé àkọ́kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà. Ilé bàbá di òfìfo.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ni ọ̀dọ́mọkùnrin náà wí, ó ti na ọwọ́ láti kó gbogbo rẹ̀. "Ọjà yín ti tán."

"Ọmọ mi, ọjà mi tán lóòótọ́," ni bàbá dáhùn. "Ebi ló ń pa mí. Bọ́ mi."

Òun ni gbogbo wa tó dákẹ́. Ẹyọ tó wà nílé àkọ́kọ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ bàbá. Èyí tó wà nílé kejì kò lè dé ibẹ̀. Ilé kẹfà nìkan ló lè bọ́ ọ, ilé tí ó ń kó jọ, tí kò sì tíì gbó. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà wo ọpọ́n títí, ó kó mọ́kànlá náà, ó pín in: mẹ́fà fún bàbá, ẹyọ kọ̀ọ̀kan nílé kọ̀ọ̀kan, márùn-ún sí ilé ara rẹ̀. Kò jẹ nǹkan kan. Bàbá ta ẹyọ tó wà ní ilé rẹ̀ kẹfà, ó bọ́ sí ilé àkọ́kọ́ ọ̀dọ́mọkùnrin náà tí ó ti di méjì, ó di mẹ́ta, ó jẹ ẹ́. Bàbá di 20. Láti ibẹ̀ lọ, bàbá ló ń darí eré.

Ká ní òfin bíbọ́ni kò sí ńkọ́? Ìgbà tí ilé bàbá ti ṣófo ni eré ì bá ti parí. Ọ̀dọ́mọkùnrin náà ì bá kó 13 tó wà nílé rẹ̀ mọ́ 18 tó ti jẹ, ì bá ní 31, ì bá borí. Ọpọ́n kan náà, ọmọ kan náà, òfin kan ṣoṣo ló sọ ẹni tó là di ẹni tó ń ṣí àká rẹ̀ lọ́ràn-anyàn. Níhìn-ín gan-an ni a rò pé ìjìnlẹ̀ ayò wà. Kì í ṣe nínú kíkà, kì í sì í ṣe nínú odù fúnra rẹ̀. Ó wà nínú pé ẹni tó ń kó jọ kò lè dá kó jọ. Ó gbọ́dọ̀ máa ṣírò ìgbà tí ebi yóò pa ẹnìkejì, àti ohun kékeré tí yóò kù lọ́wọ́ rẹ̀ láti fi bọ́ ọ láìfọwọ́ kan odù. Àwọn ọ̀ta kì í sọ ẹ̀kọ́ yìí jáde. Wọ́n kàn máa ń fi ọmọ méjì mẹ́ta sí ilé ìkẹrin tàbí ìkarùn-ún, ọ̀pẹ a sì rò pé wọ́n gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀ ni.

Ó yẹ kí a sọ òótọ́ tó kù. Bí kò bá sí ọ̀nà kankan láti bọ́ alátakò, eré tán, ẹni tó ni ọmọ ló kó o. Nítorí náà òfin náà kò sọ pé kí ènìyàn má kó jọ. Ó ní kí ó tó kó, kí ó mọ̀ ọ́n kó.

TI FÓÒNÙ ŃKỌ́?

Àwọn ọ̀dọ́ wa ní kò sí ìyàtọ̀. Ọ̀kan nínú wọn, tó ń ṣe iṣẹ́ kọ̀ǹpútà, ní òun ti mọ ayò láti kékeré lórí Nokia. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tó ń ka ìwé yìí ni yóò rántí. Ní ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, Nokia 3310 tó ti jáde ní ọdún 2000 sì kún ọwọ́ àwọn ènìyàn wa. Eré mẹ́rin ló wà nínú rẹ̀: Snake II, Pairs II, Space Impact àti Bantumi. Gbogbo ayé ló ń ta ti ejò. Àwọn díẹ̀ tó ṣí Bantumi ni wọ́n rí ọpọ́n níbẹ̀, tí ẹlòmíràn sì pariwo pé àwọn òyìnbó ti gbé ayò wa sínú fóònù.

Ó jọ ayò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀ka mìíràn ni. Eré tí wọ́n ń pè ní Kalah ni Bantumi tẹ̀ lé, òun náà sì ni ó wà nínú páálí "Mancala" tí wọ́n ní kí a rà. Ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ William Julius Champion ló ṣètò Kalah ní nǹkan bí ọdún 1940, tó sì ń tà á. Nínú Kalah, atayò kọ̀ọ̀kan ní ihò ńlá kan tirẹ̀. Ní gbogbo ìgbà tí ó bá ń ta tó sì gba ẹ̀gbẹ́ ihò náà kọjá, yóò ju ẹyọ kan sínú rẹ̀, tirẹ̀ nìyẹn. Bí ọmọ tó kẹ́yìn bá bọ́ sínú ihò náà, yóò tún ta. Bí ó bá bọ́ sí ilé òfìfo ní ìhà ara rẹ̀, yóò kó ohun tó wà ní ilé tó kọjú sí i. Bí ìhà ẹnì kan bá sì ṣófo, eré parí, ẹni tó ní ọmọ nílé a kó o lọ.

Ẹ wo ìyàtọ̀ náà dáadáa. Nínú Kalah, ènìyàn lè máa là láti ilé ara rẹ̀, owó ń wọlé bó ṣe ń kọjá. Nínú ayò, kò sí ohun tí a lè jẹ ní ìhà tiwa rárá. Ilé ẹlòmíràn nìkan la ti ń jẹ, a sì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ju ọmọ tiwa síbẹ̀ kí ó tó ṣeé jẹ. Bí a bá sì mú òfin bíbọ́ni kúrò, ọ̀dọ́mọkùnrin oníkẹ̀kẹ́ yẹn ló borí. A kò sọ pé Kalah kò dára. Ó yára, ó ń dùn mọ́ ọmọdé, títún-ta yẹn a sì máa mú inú dùn. Ṣùgbọ́n bí a bá fi í ṣe ìdíje ayò, àwọn ọmọ wa yóò kọ́ ìkójọ láìkọ́ ohun tí ń já ìkójọ.

Ohun mìíràn wà. Ní ọdún 2000, àwọn onímọ̀ mẹ́ta kan, Geoffrey Irving, Jeroen Donkers àti Jos Uiterwijk, fi kọ̀ǹpútà tú Kalah palẹ̀. Wọ́n rí i pé bí ọmọ bá jẹ́ mẹ́rin-mẹ́rin nínú ilé mẹ́fà-mẹ́fà, ẹni tó kọ́kọ́ ta ni yóò borí bí kò bá ṣe àṣìṣe. Ní ọdún 2002, John Romein àti Henri Bal ti Yunifásítì Vrije ní Amsterdam, ní orílẹ̀-èdè Netherlands, ṣe bẹ́ẹ̀ fún awari, èyí tí í ṣe ẹbí ayò wa gan-an, tó ń jẹ 2 àti 3 lójú ọpọ́n oníhò 12 àti ọmọ 48. Ẹ̀rọ tí wọ́n lò ní ọpọlọ 144. Ọ̀nà tí ọmọ lè gbà tò sórí ọpọ́n tí wọ́n yẹ̀ wò jẹ́ 889,063,398,406. Ìdáhùn tí wọ́n rí ni pé bí àwọn méjèèjì bá ta á láìṣe àṣìṣe kankan, ọ̀mì ni. Kò sí àǹfààní fún ẹni tó kọ́kọ́ ta, kò sí fún ẹni tó tẹ̀ lé e.

Akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì kan tí a sọ èyí fún ní eré náà ti kú nìyẹn, pé kí la tún ń ta á fún nígbà tí kọ̀ǹpútà ti parí rẹ̀. A bi í pé mélòó nínú ọ̀nà 889 bílíọ̀nù yẹn ni ó há sórí. Ẹ̀rín ló fi dáhùn. Ní ọdún 2007 ni Jonathan Schaeffer àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Kánádà tú eré dírọ́ọ̀fù palẹ̀ bákan náà, ọ̀mì ni òun náà, síbẹ̀ àwọn ènìyàn kò yéé ta á. Lójú tiwa, ohun tí àwọn ará Amsterdam ṣe ni pé wọ́n jẹ́rìí sí i pé àwọn tó fi òfin ayò lélẹ̀, láìní pẹ́ńsù àti ìwé, gbé òṣùwọ̀n tó dọ́gba kalẹ̀ fún ẹni méjì. Kalah kò lè sọ bẹ́ẹ̀.

Ìyá kan tó ń ta èlùbọ́ lọ́jà Orozo ni ó sọ ọ̀rọ̀ tó wù wá jù. Ó ní nígbà tí òun wà lọ́mọdé, àwọn ọkùnrin kì í fẹ́ kí obìnrin jókòó sí ìdí ayò, òun sì kọ́ ọ láti ẹ̀yìn bàbá òun nígbà tí òun bá ń gbé omi fún àwọn àlejò. Ó ní, "Ẹni tó bá ń tajà mọ̀ ọ́n. Bí mo bá ta àwìn fún oníbàárà mi dé ibi tí kò ní nǹkan kan mọ́, èmi náà kò ní ọjà mọ́." A rí i tó na ọkùnrin méjì léraléra lọ́jọ́ náà. Ìdíje tí ẹgbẹ́ ń ṣètò gbọ́dọ̀ jẹ́ ti ọkùnrin àti obìnrin, kí ẹnikẹ́ni má sì wá sọ fún wa pé àṣà kò gbà á.

ÀWỌN ÌJÀ KÉÉKÈÈKÉ

Orozo kì í ṣe ìlú Yorùbá, ibi tí gbogbo wa ti wá kò sì papọ̀. Èkìtì wà níbí, Ìjẹ̀bú wà níbí, Ọ̀yọ́, Ìgbómìnà, Okun, olúkúlùkù ló sì gbé òfin kan wá láti ilé. Àwọn kan kọ́ ọmọ wọn ní jẹrin, níbi tí ilé tó bá pé mẹ́rin ti di jíjẹ. Ó dára fún ọmọ ọdún mẹ́fà tó ń kọ́ bí a ṣe ń ka nǹkan, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ni ìdíje. Àwọn ará Igbo tí a jọ ń gbé àdúgbò ní okwe tiwọn, àwọn ará Ghánà ní oware; ní erékùṣù Antigua, níbi tí wọ́n kó àwọn ènìyàn wa lẹ́rú lọ, warri ni wọ́n ń pè é, wọ́n sì ń ta á títí di òní. Ó wù wá kí àwọn ọmọ aládùúgbò wá bá àwọn ọmọ wa ta á. Bí ó bá sì jẹ́ bẹ́ẹ̀, òfin kan gbọ́dọ̀ wà ní kíkọ sílẹ̀, kí bàbá ẹnì kan má baà dìde láàárín eré pé báyìí kọ́ ni wọ́n ń ta á nílé wa.

Ìjà tó tún gbóná ni bóyá ó tọ́ kí ènìyàn kó ọmọ inú ilé sọ́wọ́ kó kà á kó tó pinnu ohun tí yóò ta. Àwọn àgbà ní ọ̀pẹ ni ń ṣe bẹ́ẹ̀, pé ojú ni ọ̀ta fi ń kà. Àwa fara mọ́ ọn pé kí ọmọdé kà á, ṣùgbọ́n ní ìhà tirẹ̀ nìkan, kó má fọwọ́ kan ti alátakò. Kò sí ọmọ tó ń fi ojú ka mẹ́tàdínlógún ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Nípa àríwísí tí a fẹ́ ṣe sí ayò fúnra rẹ̀, nítorí a kò fẹ́ kí ó dà bíi pé ìyìn nìkan la gbé wá: a kì í kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí àwọn ọ̀gá ṣẹ́ẹ̀sì ṣe ta á ní ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn yóò rí gbogbo rẹ̀ nínú ìwé, ìgbésẹ̀ sí ìgbésẹ̀. Nígbà tí Túndé Ọnàkọ́yà jókòó ta ṣẹ́ẹ̀sì fún wákàtí 60 ní Times Square, New York, ní oṣù kẹrin ọdún 2024, láti wá owó ẹ̀kọ́ fún àwọn ọmọ tí kò rí ilé ìwé lọ, gbogbo ayé ló lè tẹ̀ lé ohun tó ń ta. Ní ti ayò, A. O. Odeleye kọ ìwé lé e lórí ní ọdún 1977, a sì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n eré tí àwọn ọ̀ta ta, wọ́n bá wọn lọ sí ọ̀run ni. Eré aránṣọ àti oníkẹ̀kẹ́ tí a kọ sókè yìí ni a kọ nítorí pé a ní bébà lọ́wọ́ lọ́jọ́ náà. Ó rọrùn: kí a fi A dé F pe ilé ẹnì kan, kí a fi a dé f pe ti ẹnìkejì, kí ọmọ kan jókòó máa kọ lẹ́tà tí wọ́n ta. Bí eré mẹ́wàá péré bá wà ní kíkọ nínú ìwé ìrántí ọdún tó ń bọ̀, yóò wúlò fún àwọn ọmọ wa ju àwòrán àwa tó kọ ọ̀rọ̀ yìí lọ.

Àbá wa fún ìgbìmọ̀ nìyí. Kí wọ́n má ra ti inú páálí. Kí wọ́n má sì dúró de ọpọ́n tí a gbẹ́ fún àfihàn tí owó rẹ̀ ga, nítorí ọmọdé kò nílò ère lára ọpọ́n kó tó lè ta ayò. Gbẹ́nàgbẹ́nà èyíkéyìí ní Orozo lè gbẹ́ ihò 12 sára pákó. Bí ó bá jẹ́ ọmọ 16 ló fi orúkọ sílẹ̀, ọpọ́n mẹ́jọ ti tó, kí wọ́n sì kọ òfin bíbọ́ni gàdàgbà sí ẹ̀yìn ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó ń darí eré lè tọ́ka sí i nígbà tí ariwo bá bẹ̀rẹ̀. Ọmọ ayò 48 fún ọpọ́n mẹ́jọ jẹ́ 384. Kò sí ibi tí a ti rí igi rẹ̀ ní àdúgbò yìí. Ẹni tó bá ń lọ sílé láàárín ìsinyìí àti ìsinmi gígùn, kó jọ̀wọ́ bá wa ṣa á wá, kó ṣọ́ra fún ẹ̀gún ara igi náà, kó sì fi bíi 50 lé e, nítorí wọn yóò sọ nù.